Tòmátò Tí A Rọ Sígò Nínú Ààwẹ̀

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ọjà, Mòwé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Oṣù Keje, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Bùrẹ́ímọ̀,

Àsàláàmù àlékùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mòwé níbí, orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi. Ṣé ara yín ti le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, òjò nìkan ló ń dà wá láàmú. Ọ̀nà tó wọ ilé wa ti di odò, bàtà òjò ni Abdulrauf ọkọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wíńdò rẹ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo wa.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló ṣe Ròkíátù tó jókòó ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yín gan-an ni mo ń sá fún. Bí mo bá pè yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, gbogbo ojúlé yín ní Ìwó á sì bá yín gbọ́ ọ, wọ́n á tún máa dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ojúlé ń gbọ́. Sàhéèdì tó ń wa mọ́tò lọ sí Ìwó ni n ó fi lẹ́tà náà rán, n ó sì lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa. Ẹ dákun, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ kà á, nítorí orí mi ti dàrú, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín nínú oṣù Ramadan pé a rí tòmátò rà lọ́pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ló bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Ìbàfò. Oòrùn ń mú, tòmátò ti ń tú omi sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ni awakọ̀ bá ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé e ní pọ́ọ́kú. Èmi àti Fàsílátù la jọ sáré lọ. Fàsílátù ni aládùúgbò mi tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, èyí tí mo máa ń sọ fún yín pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ nínú ilé yìí, mo ti padà sí Ìwó tipẹ́. Oúnjẹ ló ń sè tà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé. A jọ rà á, a jọ rù ú délé, omi tòmátò ṣàn dé etí ìró wa.

Ẹ mọ̀ pé irú tòmátò bẹ́ẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ kejì. Bí màmá wa ṣe kọ́ wa náà la ṣe é. A ṣà á, a fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, a gbé e kaná títí omi rẹ̀ fi fà, a fi òróró àti iyọ̀ sí i, a sì rọ ọ́ ní gbígbóná sínú àwọn ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. A dé wọn, a tò wọ́n sínú ìkòkò ńlá, a fi àkísà há àárín wọn kí wọ́n má baà máa forí gbárí, a bu omi sí i, a tún sè é. Nígbà tí wọ́n tutù, ìdérí kọ̀ọ̀kan ń dún kó, àárín rẹ̀ sì ń wọnú. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn púpọ̀. Bí ìdérí bá ti dún báyẹn, tòmátò á dúró de òjò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣókùnkùn la kó tiwa sí, Fàsílátù náà kó tirẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Èmi àti Fàsílátù ń gbààwẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè tọ́ ọ wò nínú wa. Salmah ọmọ mi tí kò tíì tó ààwẹ̀ gbà wà níléèwé. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò gbààwẹ̀, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Ta la tún ń wá kiri? Ẹ mọ òkìkí wọn. Ìyá Alásè ni gbogbo Ifọ̀ ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣe yìgì tàbí ìsọmọlórúkọ níbẹ̀, àwọn obìnrin á se ọbẹ̀ tán, wọn ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àfi bí Ìyá bá fẹnu kàn án. Mo ti fi ìwọ̀n iyọ̀ tí mo mọ̀ sí i kí n tó bu díẹ̀ sí wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n lá a, wọ́n wò wá lójú, wọ́n ní, “Ó ṣì tẹ́.” Fàsílátù bu iyọ̀ kún un. Wọ́n tún lá a, wọ́n tún wò wá, wọ́n ní ó kù díẹ̀. A tún bù ú kún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, “Ó ti tó, ẹ sọ̀ ọ́.” Fàsílátù lọ kírun, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sígò.

Òjò wá dé, tòmátò sì di ohun tí à ń fi ojú rà lọ́jà. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Fàsílátù ṣí ìgò tirẹ̀, ó fi se ọbẹ̀ ìrẹsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tu oúnjẹ dànù lójú rẹ̀. Ọ̀kan bi í léèrè bóyá omi òkun ló fi sè é. Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré ṣí tèmi, mo fi orí ìka kàn án lá, gbogbo ojú mi sì rún pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, iyọ̀ ni, tòmátò kàn wà níbẹ̀ ni. Mo ṣí òmíràn, bákan náà ni.

Fàsílátù dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ìyá Salmah, kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an? Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ti okay. Mo lọ kírun, ìwọ nìkan lo kù nídìí ìkòkò. Ta ló wá fi iyọ̀ sí i?” Èmi náà sì ti ń rò ó nínú mi pé òun ni, pé bóyá ìgbà tí mo wọlé lọ kó ìgò ló ṣe é. Kò sí ẹni tó fura sí ẹnu Ìyá nínú àwa méjèèjì. Ṣé ẹnu Ìyá Alásè lèèyàn máa fura sí? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí Fàsílátù, ògiri ló ń dá mi lóhùn. Mo gbọ́ pé ó ti ń wá yàrá sí ọ̀nà Ìbàfò. Ó dùn mí wọra.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní kí n gbìyànjú bóyá mo lè tún tòmátò náà ṣe. Mo bu ìwọ̀nba, mo fi omi sí i, mo fi ànàmọ́ sí i, kò gbọ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè dà á nù, mo jáde lọ ká aṣọ nítorí òjò ti ṣú. Nígbà tí mo máa padà wọlé, Ìyá ti fi jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n ń fi ìka nu àwo. Wọ́n gbójú sókè sí mi, wọ́n ní, “Ròkíátù, ọbẹ̀ tó dùn jù tí o tíì sè fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí nìyí.”

Ẹ̀yin lẹ mọ iye omijé tí mo ti sun sí yín létí lórí ẹnu Ìyá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́sí, tí ọkọ mi lọ kó wọn wá láti Ifọ̀, kò sí ọbẹ̀ mi tí kì í tẹ́ lẹ́nu wọn. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní ni mo dá, kí wọ́n ṣáà lè sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó dùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà máa wá jáde, orí iyọ̀ lásán ló bọ́ sí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo bu omi fún wọn mu, mo wọ yàrá lọ, mo ṣe méjèèjì. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tún bà mí, mo sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ní kò tíì burú, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ahọ́n Ìyá ti kú. Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n bó ṣe yé mi tán ló tún dojú rú. Ìyá fúnra wọn ló ń dáná nílé wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọbẹ̀ wọn kì í sì í fi iyọ̀ ṣìnà láéláé. Ọkọ mi á lá àwo tán, á máa wojú mi bí ẹni tí mo jẹ̀bi rẹ̀. Ta ló wá ń bá wọn mọ ìwọ̀n? Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń ṣọ́ wọn. Mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n bu iyọ̀ bín-ín-tín, wọ́n bu ọbẹ̀ díẹ̀ fún Salmah bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì padà sídìí iná. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí àlàyé.

Mo kàn sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí fún Abdulrauf, mi ò dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, “Kí ló dé tẹ́ ò fi orí ahọ́n kàn án, kẹ́ ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù? Ààfáà ti ṣàlàyé ẹ̀ pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́.” Ó máa ń gbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, ẹ mọ̀ ọ́n.

Èyí tó wá le jù ni pé Ifọ̀ ti ránṣẹ́. Qudrah, ọmọ àbúrò Ìyá, ń ṣe yìgì lóṣù tó ń bọ̀, Ìyá ni wọ́n sì ní kí wọ́n wá dáná. Inú Ìyá dùn, wọ́n ti gbé ìpọnbẹ̀ gígùn wọn jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn. Bí mo bá dákẹ́, ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n á ti ba ọbẹ̀ jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní èèyàn ní Ifọ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́ fún Fàsílátù, ó ń kó lọ. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, ẹ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò lè di omi mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń pọnmi ti gbọ́. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kúkú sọ pé èmi ni mo fi iyọ̀ sí i? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ.

Mo kí gbogbo ilé. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún mi, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín di ohun tí ẹ ó máa fi ọ̀pá gbé. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, oúnjẹ náà á sì máa dùn lẹ́nu yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ ti pin lẹ́nu rẹ̀,
Ròkíátù Ìyá Salmah.

Àfikún: Mi ò tíì lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí Ìyá pè mí sídìí iná lónìí. Wọ́n ní, “O rò pé mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ kọ́tìnì?” Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Láti ìgbà àìsàn yẹn, bí òwú ni gbogbo nǹkan rí lẹ́nu mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀ rẹ ni. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé èmi ni, mi ò mọ bí mo ṣe lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ojú ẹni tó ń jẹun ni mo fi ń mọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ojú Salmah á rún. Bó bá tẹ́, á máa wò kiri. Bó bá ṣe déédéé, kò ní wo ibì kankan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tòmátò yẹn, ọmọ wà níléèwé, ẹ̀yin méjèèjì ń gbààwẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹun tí mo lè wo ojú rẹ̀, ojú sì tì mí láti sọ ọ́.” Wọ́n fa ìborùn wọn borí, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Fàsílátù fúnra wọn. Mi ò tẹ̀ lé wọn. Ẹkún Fàsílátù ni mo gbọ́. Nígbà tó yá, òun ló mú wọn lọ́wọ́ padà wá, ó sì bi mí bóyá ata wà nílé, pé òun ti ń fi ṣíbí kan tòmátò wa se ọbẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i mọ́, ó sì ń ṣe déédéé.

Èmi ni n ó bá Ìyá lọ sí Ifọ̀. N ó máa tọ́ ọbẹ̀ wò, wọn ó sì dúró síwájú mi pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí n má sọ nǹkan kan níbẹ̀, kí n ṣáà má gbé ojú mi kúrò lọ́dọ̀ wọn.