Ìyá Ọlọ́ṣẹ Inú Ọjà Kékeré

Bàbá mi, Aláago Bẹẹrẹ, ẹni tí mo máa ń gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ṣé nígbà tí ẹ wà láyé náà, bí ẹ bá ti gbé aago sétí, ta ni ẹ ń dá lóhùn? Ẹ á gbọ́ ti aago tán kí ẹ tó gbọ́ ti ẹni tó ni ín. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ láìdúró de èsì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ibi tí tábìlì yín wà ni mo gbé maṣíìnì ìránṣọ mi sí, mo sì so aṣọ àwọn oníbàárà mi mọ́ àwọn ìṣó tí ẹ máa ń so aago kọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè yín. Bàbá kan sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ́jọ́ kan, ó gbé aago ògiri kan dání. Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹ ti lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá bi mí bóyá èmi lè bá òun tún un ṣe. Ó ní ohun tí òun ò lè gbàgbé nípa yín ni bí ẹ ṣe máa ń tẹrí ba bí ẹ bá ń gbé nǹkan fún èèyàn, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí bí Màámi ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé sípíríǹgì ló wà lọ́rùn yín, pé bí ẹ bá na ọwọ́ sí èèyàn báyìí, orí á tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ Ọjà Kékeré yín ni mo fẹ́ sọ, ọjà ọlọ́mọlangidi tí ẹ fi pákó àti páànù ṣe. Òjò tó kọjá jo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì rọ̀ sórí aṣọ tí ẹ fi bò ó. Mo ṣí i. Páànù ti dógùn-ún, pákó ti wú. Mo yí ọwọ́ maṣíìnì àtijọ́ tí ẹ fi ń gbé gbogbo rẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tó mira nínú ọjà àfi aláàárù. Òun nìkan ló ń gun òkè lọ sí Mápó, tó tún ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, nítorí ẹ ò ṣe ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí fún un. Gbàjámọ̀ gbé abẹ sókè, kò fá orí ẹnikẹ́ni. Ahunṣọ náà dákẹ́. Ọjà'ba ìgbà èwe yín látòkè délẹ̀, tí ẹ fi ọdún gbẹ́, wá dà bí ọjà tí àwọn ará ibẹ̀ ń retí pé kí ẹnì kan pè wọ́n.

Kì bá tí ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Mùfú, àbúrò yín, ojú ń dùn wọ́n. Ọ̀kan ti lọ. Dókítà ní èkejì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn kan ò ní dá a padà. Bùrọ̀dá Mùfú sì ti pinnu láti mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ l'Ábújá kí Iléyá tó dé. Nígbà tí Ìyá Mùfú gbọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ mi.

“Jẹ́ n rí ọjà ẹ̀gbọ́n mi kójú yìí tó ṣú pátá. Ó ní òun ti fi ìyá wa síbẹ̀. Mi ò rí fọ́tò ìyá mi rí láyé, wọn ò ya ọ̀kankan.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ara mi di aláago. Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo fi epo pa á. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí kẹ̀kẹ́ eléyín kọ̀ọ̀kan kí n tó dè é padà, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ǹjẹ́ ìdí kan wà fún un, àbí àṣà lásán ni? N kò bi yín rí.

Nígbà tó kan ìyá ọlọ́ṣẹ, mo mọ̀ pé òun ni ìyá yín, nítorí ọṣẹ dúdú ni gbogbo ilé sọ pé ìyá yín tà. Ojú rẹ̀ ò lè sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó lójú tàbí imú nínú ọjà yín, torí Áfà àdúgbò ní bí ẹ bá gbẹ́ ojú fún wọn, Ọlọ́run á ní kí ẹ mí èémí ìyè sí wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì fi ojú gbogbo wọn sílẹ̀ ní bọ̀rọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹjọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Ìyá ọlọ́ṣẹ na ọṣẹ sí oníbàárà, ọwọ́ òsì ló fi nà án! Mo tún yí i. Òsì náà ni. Èmi ọmọ yín, tí ẹ máa ń gbá lọ́wọ́ bí mo bá fi òsì gbé omi fún yín! Mo ní ha, ogbó dé. Mo rò pé ẹ̀yìn pákó lẹ ti ṣe é, níbi tí òsì ti máa ń di ọ̀tún, tí ojú yín ò sì gbé e mọ́. Orí rẹ̀ náà ń já wálẹ̀ nígbàkigbà tó bá na ọwọ́, mo sì rò pé wáyà ọrùn rẹ̀ ló ti dẹ̀. Mo bá gbé ọṣẹ sí ọwọ́ ọ̀tún fún un. Mo gé wáyà náà. Mo fi òjé lẹ ọrùn rẹ̀ kó dúró gbọn-in. Mo rán òfì fún un láti inú àjákù aṣọ, mo wé gèlè fún un. Ó wá nàró bí aya ìjòyè. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀ pé Bàámi, ẹ wá wo ìyá yín bí mo ṣe tún un ṣe.

Ìyá Mùfú gun Márúwá wá ní ọ̀sán. Mo gbé ọjà sẹ́nu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ lè tó wọn. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn débi pé abẹ gbàjámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fá imú wọn. Mo ń yí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ gbogbo wọn: ahunṣọ tí kì í kí èèyàn, gbàjámọ̀ tó máa ń fi irun sílẹ̀ sẹ́yìn etí ẹni. Lẹ́yìn náà wọ́n ní:

“Ìyá wa ńkọ́?”

“Àwọn nìyẹn, ẹ wo ọṣẹ lọ́wọ́ wọn.”

Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ìyá ọlọ́ṣẹ kan nìyẹn. Ìyá tiwa kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá wa ti rọ láti kékeré, òsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo nǹkan láyé wọn. Tí wọ́n bá ta ọṣẹ báyìí, wọ́n á tẹrí ba fún ẹni tó rà á, wọ́n á ní ‘ẹ má bínú, òsì ni mo ní.’ Àwọn tó mọ̀ wọ́n á ní kò séèwọ̀. Àlejò á bú wọn. Ìyá wa ò jẹ́ na ọrùn báyìí sí oníbàárà. Kò sí wọn níbí, ọmọ mi. Bóyá ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé ni.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yìn mí. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dáa, pé ọwọ́ mi dáa, wọ́n sì ní kí n pe Márúwá fún àwọn. Ìyìn yẹn dùn mí ju èébú lọ. N kò lè sọ fún wọn pé ẹ ò gbàgbé, pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lé ìyá yín kúrò lọ́jà.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Ẹ sọ ti ọ̀gá tó jẹ yín níyà níbi iṣẹ́ kíkọ́. Ẹ sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ fìlà yín. Ẹ ò sọ ti ọwọ́ ìyá yín. Ṣé ojú ń tì yín ni? Àbí ẹ̀ ń retí kí n béèrè ìdí tí orí fi ń tẹ̀?

N kò rí wáyà náà mọ́, mo ti gbá a dànù mọ́ àjákù aṣọ. Sípíríǹgì inú maṣíìnì mi ló bá ọrùn rẹ̀ mu, mo bá tú u. Aṣọ Iléyá àwọn èèyàn kún ilẹ̀, àwọn tó ni wọ́n ń pariwo lé mi lórí, mo ní kí wọ́n máa bú mi lọ. Mo yọ́ òjé ọrùn, mo dá ọṣẹ padà sí òsì. Mo tú gèlè náà pẹ̀lú, nítorí kò jẹ́ kí orí tẹ̀ délẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìyá Mùfú ń lọ sí Ábújá, Bùrọ̀dá Mùfú dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pa á, ó ń fun fèrè pé ọ̀nà jìn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì di Ìyá Mùfú lọ́wọ́ mú wọlé.  Mo kàn fi ọwọ́ wọn lé ohun tí wọ́n máa yí.

Wọ́n yí i. Ìyá ọlọ́ṣẹ na òsì, orí rẹ̀ sì tẹ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n tún yí i, orí tún tẹ̀. Bàbá, arúgbó tí eékún ń dùn, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù yín.

“Kò séèwọ̀, ìyá mi,” ni wọ́n wí. “Kò séèwọ̀.”

Bí orí bá ti tẹ̀ ni wọ́n ń dá a lóhùn, wọn ò fẹ́ kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìgba èsì. Mo gbọ́ tí Bùrọ̀dá Mùfú pa ọkọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìsìnkú yín lọ, ẹ má bínú.

Ìyá Mùfú ti wà l'Ábújá báyìí. Wọ́n ní ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí.

Èmi ni mo ṣì ń ronú. Ọwọ́ ọ̀tún yín le koko. Òun lẹ fi gbé aago fún gbogbo ayé, ẹ sì ń tẹrí ba síbẹ̀. Àwa ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ta lẹ ń bá bẹ̀bẹ̀?

Mo ra sípíríǹgì tuntun, mo sì parí àwọn aṣọ náà lánàá. Mo ká ti oníbàárà àkọ́kọ́, mo fi ọ̀tún gbé e fún un. Obìnrin náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ló dé tí mo ń tẹrí ba fún òun, ṣebí aṣọ òun ti parí. N kò mọ̀ pé orí mi tẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó jókòó sí àyè yín ní Bẹẹrẹ, tó fẹ́ràn yín títí dòní.