Ẹ Jẹ́ Kí Ìbùkún Fẹsẹ̀ Tẹ Iyẹ̀pẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọmọ wíwò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Bàámi náà, tí wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín.

Òtútù ò tíì fi wá sílẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi kan ni mo ti ń gbálẹ̀. Bí òjò tilẹ̀ ń ṣẹ́, àwọn tíṣà á wọ bàtà òjò fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, wọn á kó wọn lọ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ lọ́mọ ti ń le, tó sì ń láyà. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí, iwájú tẹlifíṣàn ni Ìbùkún ọmọ mi ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, nínú yàrá obìnrin tó ń bá mi wò ó. Ìdí tí mo fi gbé e wá bá yín ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá mi pè mí láti ọ́fíìsì wọn ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wa tuntun. Wọ́n ń yangàn pé Ìbùkún ò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti ìgbà tó ti dé, pé sọ́kì ló ń wọ̀ ní pálọ̀. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ àdúgbò bá wá pè é, ẹ ó ní àlejò ni, kò gbọdọ̀ kúrò nú ulé. Ojú fèrèsé ló ti ń wò wọ́n.

Mo sunkún, Màámi. Kì í ṣe pé mo bínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ibà ń bà yín, ẹ sì ń ro ohun tí màá sọ bí nǹkan bá ṣe é. Ṣùgbọ́n Ìbùkún kì í ṣe àlejò. Àlejò là ń gbé àga fún, ọmọ ilé a máa sáré káàkiri. Ṣebí èmi àti Bọ̀dá la máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ó yọ̀ láti orí àpáta ẹ̀yìn ilé wálẹ̀, títí aṣọ yóò fi ya nídìí? Ẹ ó nà wá, ẹ ó sì tún bá wa rán an. Orí àpáta yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ṣubú lè dìde. Ohun tí mo fi ń gbé ìlú yìí nìyẹn. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Ẹ bọ́ sọ́kì yẹn. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn ọmọ àdúgbò fi iyẹ̀pẹ̀ mọ ilé bí òjò bá dá, kó ṣa ìgbín. Lálẹ́, kó sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, kó tún jáde. Bó bá padà wá bá mi pẹ̀lú àpá lórúnkún, màá mọ̀ pé ó dé ilé wa lóòótọ́.

Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ìyàwó wọn àti gbogbo ìjọ.

Èmi ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ yín.