Màmá Vilma, Aya Olè, Agbẹ̀bí Ìlú Réthalom

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1936 ni a bí Màmá wa, Tolvaj Ambrusné, tí orúkọ wọn kí wọ́n tó lọ́kọ ń jẹ́ Szekeres Vilma, ní ìlú Réthalom, létí odò Körös, ní agbègbè Békés, ilẹ̀ Họ́ngárì. Szekeres Bálint, òṣìṣẹ́ ilé ọlọ, ni bàbá wọn. Kardos Eszter, ọmọ ìdílé Kardos tí ilé wọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú. Szekeres ni a ó kọ́kọ́ pè, kí a tó pe Vilma. Ẹni tí kò mọ Màmá rí yóò ti gbọ́ ohun tí àwọn baba ńlá wọn ń ṣe jẹun kó tó gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló pọ̀ jù nínú ìtàn ayé Màmá, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ kí a sin ín mọ́ wọn.

Ní ọdún 1942, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Réthalom. Nígbà tí ogun dé ìlú wa ní ọdún 1944, inú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún sí ni ìyá wọn ti bí àbúrò wọn Irma, nígbà tí ìbọn ńlá ń dún lókè. Vilma kékeré ni agbẹ̀bí àtijọ́ gbé fìtílà lé lọ́wọ́. Agbẹ̀bí náà ní, "Má wo ojú ìyá ẹ o. Ọwọ́ mi ni kí o máa wò." Ọwọ́ náà ni Màmá wò, wọn kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ayé. Ní ọdún 1954 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Debrecen. Nígbà tí wọ́n parí, Réthalom náà ni wọ́n padà sí, tàwọn ti kẹ̀kẹ́ ológeere àti báàgì dúdú kan.

Ẹrẹ̀ ló fẹ́ Màmá fún Bàbá. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1957, wọ́n ń lọ gbẹ̀bí ní abúlé kan lódìkejì odò nígbà tí kẹ̀kẹ́ wọn rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì. Ọmọkùnrin gíga kan tó ń wa katakata oko àjùmọ̀ni gbé àwọn àti kẹ̀kẹ́ àti báàgì, ó sì já wọn sí ẹnu ọ̀nà aboyún náà. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, Màmá ní:

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ta ni kí n sọ pé ó gbé mi?"

"Olè ni mí."

"Mi ò bèèrè iṣẹ́ yín, orúkọ yín ni mo bèèrè."

Tolvaj Ambrus ni. Tolvaj, ìyẹn Olè, ni orúkọ ìdílé wọn láti ayébáyé. Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀rín tí Màmá rín nígbà tí ó yé wọn ni àwọn fi mọ̀ pé àwọn ti rí aya.

Ṣùgbọ́n Bàbá Bálint kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sídìí ààrò, wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ọmọ dáadáa ni. Mi ò bá a jà. Àmọ́ ṣé kí ọmọ tí mo rán lọ sí Debrecen wá máa jẹ́ Aya Olè? Bí o bá fẹ́ ẹ, orúkọ tìẹ tán nìyẹn. Tolvaj Ambrusné ni wọn ó máa pè ọ́ títí wàá fi kú."

Màmá ní, "Bàbá, kí ni Szekeres túmọ̀ sí?"

"Oníkẹ̀kẹ́ ẹrù. Ta ni kò mọ̀yẹn?"

"Kẹ̀kẹ́ wa dà? Ẹṣin wa dà? Ilé ọlọ lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Molnár tí orúkọ tiẹ̀ ń jẹ́ Ọlọ́lọ, irun ló ń gẹ̀. Bàbá Nagy tí wọ́n ń jẹ́ Ńlá, wọ́n ní láti na apá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Farkas tó ń jẹ́ Ìkookò, ajá Irma ló lé e gun igi lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ìlú yìí ló ń purọ́, Ambrus nìkan lẹ fẹ́ gbà gbọ́?"

Ìyá Eszter ni wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá Bálint ní kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tí orúkọ Tolvaj ti wá, ohun tí ìyá ọkọ Màmá sọ fún wọn la mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn Tọ́kì ń jọba lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa, wọ́n kó gbogbo màlúù Réthalom lọ, ọkùnrin kan sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò, ó lọ dà wọ́n padà wálé. Àwọn Tọ́kì ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé olè, olè! Orúkọ náà dùn mọ́ àwọn ará ìlú, wọ́n sì fi í lé e lórí. Pásítọ̀ ìjọ wa gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ó lè jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò kan lásán ni bàbá náà jí. Ìyá ọkọ Màmá dáhùn pé, "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, a ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ti tán ńbẹ̀." Àmọ́ Bàbá Ambrus gba ìtàn màlúù gbọ́ tọkàntọkàn. Bí wọ́n bá ti mu ọtí díẹ̀, wọ́n á máa sọ àwọ̀ màlúù kọ̀ọ̀kan.

Oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni ìgbéyàwó wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì Réthalom. Láti ọjọ́ náà, "né" kékeré, ìyẹn "aya", tó gbẹ̀yìn orúkọ Bàbá ni gbogbo ohun tó kù tó ń tọ́ka sí Màmá nínú ìwé ìjọba. Ẹnu àwọn aboyún ni wọ́n ti rí orúkọ tiwọn, Aya Olè. "Ẹ sáré lọ pe Aya Olè wá!" Bí ọmọ bá sì bèèrè ibi tí òun ti wá, àwọn òbí Réthalom kì í dúró lórí pé ẹyẹ àkọ̀ ló gbé e wá bí àwọn ìlú yòókù ti ń sọ. Wọ́n á ní, "Àkọ̀ ń gbé ọ kọjá lọ sí ìlú kejì ni, Aya Olè já ọ gbà lẹ́nu rẹ̀." Fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nínú yìnyín àti nínú ẹrẹ̀, Màmá kò kọ ìpè ẹnikẹ́ni, yálà ẹni náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ni o, ti àwọn Kátólíìkì ni o, tàbí kò lọ sí ìkankan.

Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ: Gáspár ní ọdún 1959, Emőke ní ọdún 1963. Orúkọ kan náà ni wọ́n jẹ́, àmọ́ kò rí bákan náà lára wọn. Bí wọ́n bá pe Emőke ní olè nílé ìwé, á ní kí wọ́n ṣọ́ oúnjẹ wọn. Gáspár ní tirẹ̀, bí pẹ́ńsùlù ẹnikẹ́ni bá sọnù, báàgì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú. Kì í sọ nílé. Ojú rẹ̀ kàn máa ń le ni.

Ní ọdún 1981, Gáspár wọṣẹ́ ọlọ́pàá. A mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tí wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ ṣe rín in lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá pe orúkọ pé, "Kọ́múrèdì Olè!" Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó gba ìyọ̀ǹda ìjọba, ó pa orúkọ dà, ó di Tarjáni Gáspár. Ó wá sílé wá sọ fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró ní ilé ìdáná tòun ti fìlà lọ́wọ́, ó sọ ọ́, ó sì ń retí kí wọ́n bú òun.

Bàbá Ambrus kò bú u. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tarjáni. Ẹ jókòó. Ṣé wọ́n ti fún yín lóúnjẹ?"

"Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ máa jẹun."

Bàbá tó bí i ń sọ "ẹ" fún un bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Gáspár kò jẹun. Nígbà tó lọ tán, Bàbá kọjú sí Màmá: "Bàbá Emőke ni kí o máa pè mí láti òní lọ."

Ọdún márùn-ún ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Gáspár ń wá sílé nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, bàbá rẹ̀ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń sọ "ẹ" fún un, Màmá sì jókòó sáàárín wọn. Ó dun Màmá débi pé wọn kò lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn. Lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ wọn.

"Èmi náà ti pa orúkọ dà rí. Bàbá mi ò torí ẹ̀ sọ mí di àlejò."

"Obìnrin ni ọ́. Tìẹ yàtọ̀."

"Ṣé torí pé obìnrin ni mí, tèmi kì í ṣe orúkọ ni?"

Bàbá bọ́ síta lọ sídìí katakata.

Ní oṣù kìíní ọdún 1987, Màmá ránṣẹ́ pe Gáspár kó wá bá wọn pa ẹlẹ́dẹ̀ ọdún. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọwọ́ ọkùnrin, Bàbá kò sì lè kọ̀. Gáspár mú ìyàwó rẹ̀ Borbála wá pẹ̀lú oyún rẹ̀. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ọjọ́ tí a ń retí. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n rọ sọ́séèjì. Yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, irú èyí tí kò tíì bọ́ rí lójú wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri ọgbà kò sí mọ́, ọ̀nà kò sí mọ́, tẹlifóònù kò dún. Àsìkò náà ni ìrọbí mú Borbála.

Màmá wẹ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lọ́wọ́, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ti yí padà. "Ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi wá, bí ìgè," ni wọ́n sọ. "Ẹ se omi sí i. Kí ẹnikẹ́ni má wọlé." Wọ́n padà wọlé.

Bàbá àti ọmọ jókòó sí ilé ìdáná, tábìlì tí sọ́séèjì kún wà láàárín wọn. Borbála ń kígbe. Bàbá Ambrus bu ọtí sí ife kan, wọ́n tì í síwájú Gáspár. Ó di ọ̀sán. Igbe náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Gáspár dìde dúró, Bàbá náà dìde. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan ta.

Màmá jáde, ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú aṣọ ìnura lọ́wọ́ wọn, òógùn bò wọ́n. "Ìyá ẹ̀ wà láàyè, ara ẹ̀ le. Bàbá Gáspár, ẹ gbà á."

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá Ambrus na ọwọ́. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò tíì lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mí ná."

Bàbá wo ọmọ náà títí. Láìgbé ojú sókè, wọ́n ní, "Gáspár, kí lo dúró tí ò ń wò? Lọ gbé igi wá, kóo koná mọ́ ààrò. Òtútù ń mú ọmọ."

Gáspár jáde sínú yìnyín láìwọ kóòtù. Nídìí igi náà ló ti jókòó tó sunkún. Ó sọ fún Emőke nígbà tó yá pé, "Bàbá ní kí lo dúró. Ṣó o gbọ́? Wọ́n ní 'lo'."

Nígbà tí ọ̀nà là, Bàbá Ambrus fi katakata gbé Gáspár lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Akọ̀wé bèèrè orúkọ ìdílé, Bàbá sì dá a lóhùn kí ọmọ wọn tó lanu: "Tarjáni. T ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi tiwa." Gáspár kò padà sí orúkọ àtijọ́, wọn kò sì ní kó padà. Títí Bàbá fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 2003, ọmọ-ọmọ náà, Lilla, ni wọ́n ń sọ àwọ̀ màlúù fún.

Màmá fẹ̀yìntì ní ọdún 1991. Wọ́n padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì kó àwọn obìnrin ìjọ jọ láti máa hun fìlà fún gbogbo ọmọ tuntun ìlú. Kò sí ọmọ tí wọn kò hun tirẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni àìsàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wá mú wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó ka orúkọ náà sókè: "Tolvaj Ambrusné!" Àwọn aláìsàn yòókù yíjú. Ọmọ náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe, ló bá ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kí lẹ jí?"

Màmá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ọkọ mi ni. Wọn ò sì rí mi mú."

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni wọ́n sùn, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ Lilla. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni ọmọ wọn Tarjáni Gáspár àti aya rẹ̀ Borbála. Ọmọ wọn Tolvaj Emőke, olùkọ́, tó kọ̀ láti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó lọ́kọ, àti ọkọ rẹ̀ Halmos Ottó. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn Lilla, Dénes àti Kinga. Ọmọ-ọmọ-ọmọ wọn Soma. Àbúrò wọn Szekeres Irma. Àti gbogbo ọmọ Réthalom tí ọwọ́ Màmá kọ́kọ́ gbà nígbà tí wọ́n wáyé.

Màmá wa, Vilma, ẹ ti jagun fún èémí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Ó tó, ẹ sọ báàgì kalẹ̀. Kí Olúwa fi ọwọ́ tó gbóná gbà yín. Ẹ sùn re o.