Òdo Lórí Ohùn Krastyo

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Àká tí à ń kó ẹ̀dà àwọn fáìlì pamọ́ sí kún. Ọ̀gá Ààyè (Bogomil lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n "ààyè dà?" ni ṣáá lẹ́nu rẹ̀) ti da àwọn ẹ̀dà àtijọ́ nù, ó wá gbé ìyókù kọ́ mi lọ́rùn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ńlá rédíò wa, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń ṣe ẹ̀dà wọn. Wàhálà ibẹ̀: ohun téèyàn pa rẹ́ kò tíì lọ. Orúkọ rẹ̀ ló lọ, ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀dà sì ń ru ú kiri. Ọ̀gá ní kí n da òdo bo gbogbo ibi tó ṣófo. Òdo kì í gbààyè nínú ẹ̀dà.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Wẹ́rẹ́.
Penka wá lẹ àwòrán ìrántí ogójì ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú mọ́ ilẹ̀kùn wa. Krastyo, tó máa ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa. Ó ní, "Zornitsa, bó ṣe lọ nìyẹn, kò dágbére fún mi. Ṣé kò sọ nǹkan kan síbí ni?" Mo ní rárá, ó pa gbogbo fáìlì tiẹ̀ rẹ́ kó tó lọ ọsibítù.
Pa rẹ́ —
Ohun téèyàn pa rẹ́ kò tíì lọ! Mo sáré lọ dá òdo dúró. Ó ti lọ jìnnà.

Ọjọ́rú, 5
Mo ń wá ohùn rẹ̀ nínú àjákù tí òdo ò tíì bò. Ìpolówó igi ìdáná. Ojú ọjọ́. Ikọ́ — ikọ́ rẹ̀! Ẹ̀rù bà mí, mo yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn létí.

Ọjọ́bọ̀, 6
"Penka, má sọ pé mo lọ láì —"
Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́ gígùn. Kò sí mímí, kò sí kíkùn ẹ̀rọ. Yàrá yẹn kì í dákẹ́ báyìí. Òdo mi ni. Nínú ohùn, òdo ni ìdákẹ́.
Ọ̀gá Ààyè yọjú: "Ṣé òkú lò ń wá níbẹ̀ ni? Parí ẹ̀ jàre!"

Ẹtì, 7
Mo kó ìwọ̀nba ohùn rẹ̀ tó kù sórí fóònù mi, mo sì parí ẹ̀. Ẹ̀dà ti kéré. Ọ̀gá ra bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì, fún gbogbo wa. Mo fi tèmi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Àbámẹ́ta, 8
Ní ibojì Krastyo. Penka bu àlìkámà sísè fún mi, ó da wáìnì sílẹ̀ fún òkú. Mo fi ohùn náà sí i létí. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ìdákẹ́ dé. Kò yọ ọ́ létí. Ó dijú.
"Gbọ́, Zornitsa. Ẹkún ló ń gbé mì. Bó ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn, kí n má baà mọ̀."
Mi ò sọ fún un pé òdo mi ni. Mo jẹ àlìkámà mi.
Ó ní kí n tún fi ibi tó ti dákẹ́ yẹn sí òun létí. Mo tún fi í sí i létí.