Igi Gánà, Igi Nàìjíríà

Ajé, 7 Agẹmọ 2025
Káyọ̀dé ọkọ mi tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ká kó lọ sí Kumasi ní Gánà. Ó ní owó tí Gánà ń rí lórí igi líle ń gòkè lọ́dọọdún, ti Nàìjíríà ń rẹlẹ̀, òun ò sì ní ta pákó ní Kétu l'Ékòó níbí títí òun á fi hewú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Desmond ni — ará Gánà tó fẹ́ ta ìsọ̀ pákó tirẹ̀ fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fojú ara mi wò ó. Ṣebí ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé. Mummy mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ò dá sí i. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ọjọ́rú, 9
Mo wá iye igi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì tà sókè òkun láti nǹkan bí ogún ọdún. Mo ya ìlà méjì: Gánà pupa, tiwa aláwọ̀ ewé. Ní dọ́là, àwọn méjèèjì ń rẹlẹ̀, tiwa tún burú jù. Mo yí kálukú sí owó ilẹ̀ rẹ̀, sídì àti náírà — àwọn méjèèjì fò sókè! Igi kan náà. Ọdún kan náà. Kí lèyí? Àṣé owó ilẹ̀ wa méjèèjì ló ń já wálẹ̀ níwájú dọ́là.

Ẹtì, 11
Ojú ń dùn mí.

Àìkú, 13
Ìṣirò náà ti dàrú pátápátá. Iye tí Nàìjíríà ní òun tà kò bá iye tí àwọn tó rà á ní àwọn rà mu. Ibo ni igi yòókù gbà? Ti Gánà náà: ọdún mìíràn, owó á pọ̀ sí i, igi tó jáde á dín kù. Ṣé ọjà ló ń tà, àbí igi ló ń tán tó fi wọ́n? Mo fi han Ọ̀gá Pákó — orúkọ tí mo ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí nìkan. Ìlà pupa tó ń gòkè nìkan ló wò. "Ṣé o ti rí i báyìí?" Mo ní ohun tó ń tán lọ náà lè máa gòkè. Ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi.

Ìṣẹ́gun, 15
Mummy sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Wọ́n ní bí a bá lọ, àwọn á padà sí Ìsẹ́yìn. Wọn ò bínú — ìyẹn ló dùn mí jù. Ta ni yóò máa rán wọn létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Káyọ̀dé ní à á mú wọn dání. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọkọ ọmọ mi, èdè wo ni n ó máa bá wọn sọ níbẹ̀?"

Àbámẹ́ta, 19
Káyọ̀dé ti lọ sí Kumasi. Ó ní òun fẹ́ fojú rí ìsọ̀ náà kóun tó sanwó. Mo ní kó wo igi tó wà nílẹ̀, kó má wo ti ẹnu. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ṣé èmi ni mò ń dí i lọ́wọ́?

Ọjọ́rú, 23
Ó pè. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ìsọ̀ náà tóbi, ẹ̀rọ ìlagi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ pákó inú rẹ̀ ò tó ìdajì ohun tí Desmond sọ. Ó wá bi Desmond pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ni Desmond bá mú fóònù jáde, ó fi ìlà méjì hàn án: owó igi tiwa ń gòkè, ti Gánà ń rẹlẹ̀. Káyọ̀dé ní, "Ṣebí o ní tiyín ló ń gòkè?" Desmond ní bẹ́ẹ̀ ni, ní sídì. Dọ́là ló wá fi ṣírò tiwọn báyìí, ó fi náírà ṣírò tiwa. Owó tí Desmond bá rí lórí ìsọ̀ yẹn, ìsọ̀ ló fẹ́ fi gbà l'Ékòó.

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún ń bọ̀. Káyọ̀dé bi mí léèrè: "Nimat, èwo ni ká wá gbà gbọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀, kó sáà máa bọ̀ nílé.

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Òun àti Desmond.