Ìrù Ẹja Bọ̀ọ̀dá Gàfárù

Ajé, 5 Ṣẹ́rẹ́ 2026

Òtútù. Rélùwéè Whitby, ní Kánádà níbí, pẹ́. Kí n tó dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá Onírùngbọ̀n, olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ti ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ Àjà náà ni. Àjà ni mo ń pe iye tí líìgì ní owó oṣù gbogbo agbábọ́ọ̀lù wa kò gbọdọ̀ kọjá. Máyọ̀wá, ọmọ tí wọ́n bí sí Brooklin nítòsí ibí, tí gọ́ọ̀lù gbígbá rọrùn fún bí ẹni jẹ̀kọ, fẹ́ owó tuntun, àwọn ará Yúróòpù sì ń pè é. Ká tó rí àyè fún un lábẹ́ Àjà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀gá ní Gàfárù ni, balógun ẹgbẹ́ wa. Èmi ni kí n sọ fún un kó tó di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé èdè kan náà la jọ ń sọ.

Èdè kan náà. Hùn.

Ọjọ́rú, 7 Ṣẹ́rẹ́

Mi ò tíì sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 10 Ṣẹ́rẹ́

Mò ń kó yìnyín níwájú ilé, ọkàn mi wà n'Ìbàdàn. Bàbá mi, tí gbogbo Òkè-Àdó ń pè ní Kóòṣì — fèrè lẹ́nu, ṣòkòtò péńpé tó ti pọ́n fún eruku. Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, gbogbo ẹgbẹ́ á rọ́ wá sílé wa. Màámi á ti se ẹ̀wà, wọ́n á ti din ẹja. Ẹni tó kéré jù ni Kóòṣì máa ń ní kó gé ẹja. Ẹni tó dàgbà jù á kọ́kọ́ mú, ẹni tó gé e á mú gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Bọ̀ọ̀dá Gàfárù yìí kan náà ni àgbà wọn. Ìrù ló máa ń mú. Nígbà gbogbo. Èmi ọmọdé rò pé ó fẹ́ràn ìrù ni.

Àárò Kóòṣì sọ mí débi pé mo fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo wọlé lọ jókòó.

Àìkú, 11 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe Máyọ̀wá àti Bọ̀ọ̀dá Gàfárù wá jẹun. Nílé wa, a kì í fi ebi lé èèyàn. Ẹ̀wà àti ẹja díndín. Mo ní kí Máyọ̀wá gé ẹja, òun ni àbúrò. Ó ní, "Sure, Auntie." Ó gé e tán, ó gbé agbedeméjì tó sanra jù sínú àwo ara rẹ̀! Díẹ̀ ló kù kí n fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá Gàfárù rẹ́rìn-ín títí, ó ní Kóòṣì ì bá ti lé e yí pápá ká. Ó wá mú ìrù.

Mi ò lè sọ ohun tí mo torí ẹ̀ pè é. Ìgbà tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ní, "Dúnní, mo mọ̀. Lọ sùn."

Ìṣẹ́gun, 13 Ṣẹ́rẹ́

Máyọ̀wá pè mí. Ó lọ ròyìn oúnjẹ mi fún ìyá rẹ̀, ìyẹn bá sọ̀rọ̀ sí i: ta ló kọ́ ọ pé kó o gé ẹja tán, kó o tún kọ́kọ́ mú lójú ẹ̀gbọ́n? Máyọ̀wá fúnra rẹ̀ sì ti gbọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ nítorí rẹ̀. "Auntie, let me cut it again," ó ní. "Kí Uncle kọ́kọ́ mú." Òun á gba owó tó kéré sí èyí tóun béèrè, kí àyè lè ṣẹ́ kù.

Ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá tán. Ó gbọ́ ti ẹja. Mo jó nínú kíṣìnnì.

Ọjọ́bọ̀, 15 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀gá gbà. Ọ̀nà méjì: kí Bọ̀ọ̀dá Gàfárù máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, kí Máyọ̀wá gba díẹ̀. Tàbí kí Bọ̀ọ̀dá fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, kó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ẹgbẹ́ wa. Owó yẹn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n owó kóòṣì kì í sí lábẹ́ Àjà, Máyọ̀wá á sì gba tirẹ̀ pé. Ó dá mi lójú pé ti àkọ́kọ́ ló máa mú. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹtì, 16 Ṣẹ́rẹ́

Bọ̀ọ̀dá Gàfárù wá. Mo gbé méjèèjì síwájú rẹ̀, mo ní Máyọ̀wá ní kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú. Ó ń wo pápá lójú fèrèsé, yìnyín ti bò ó. Ó ní kí n kọ orúkọ òun sí ti kóòṣì.

Inú bí mi. Mo ní ọmọ náà ti gbà tinútinú, kí ló dé? Ó ní bí ọmọ náà ṣe tún un gé yẹn ti tó òun.

Omi ń bọ́ lójú mi, mo bi í bóyá ìrù ẹja tiẹ̀ wù ú jẹ nígbà yẹn lọ́hùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni ìrù ẹja ń wù jẹ, Dúnní? Ebi ló máa ń pa òun sùn, kí àwọn àbúrò lè rí agbedeméjì jẹ.