Búlúù Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Àṣá

Ọmọ mi àtàtà, bàbá mi,

Mo kí ọ títí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé orí ò fọ́ ọ, ṣé ojú tí o fi ń wo ẹyẹ nínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ ò dùn ọ́? Ọlọ́run tó fi ẹyẹ sókè tó fi èèyàn sílẹ̀ á máa ṣọ́ ọ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ níbi tí o bá ti ń gbójú sókè ya fọ́tò, ọ̀tá ò sì ní rí ọ gbé bí òròmọdìẹ. Àmín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà láàyè, orúnkún ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí o, ọmọ mi. Ojú ń tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde.

Fọ́tò kejì ti àṣá yẹn tí o fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn. O ní o tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, pé o gé etí fọ́tò náà kí igi máńgòrò wa má baà hàn níbẹ̀, pé o yọ wáyà iná tó dábùú ojú ọ̀run, pé o jẹ́ kí ojú ẹyẹ náà mú ṣáṣá, o sì tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ṣókùnkùn. Mo sáré jáde lọ wo igi máńgòrò, ó ṣì wà lóòró, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn, bàbá mi, jọ̀ọ́ dá a padà. Láti ọjọ́ tí fọ́tò náà ti dé ni iná ti lọ ládùúgbò wa. Gbogbo èèyàn ló ń bú àwọn oníná, èmi náà ń bá wọn bú wọn kí wọ́n má baà fura, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó yọ wáyà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló tì mí lójú jù. O rántí ọjọ́ tí o ya àṣá náà, nígbà tí o wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Adìẹ ké, o gbé kámẹ́rà sáré jáde, èmi náà gbé ìgbálẹ̀ tẹ̀lé ọ, àṣá ti fò kọjá òrùlé. O tẹ ẹ̀dà kan fún mi lọ́dọ̀ onífọ́tò kí o tó padà, o sì kìlọ̀ pé kí n má tíì fi han ẹnikẹ́ni, pé o ò tíì tún un ṣe. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́ nítorí pé ẹyẹ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní kí lèèyàn tún fẹ́ tún ṣe lára ẹyẹ, ṣé Ọlọ́run ò ṣe é parí ni?

Lọ́jọ́ yẹn náà ni ọ̀kan nínú òròmọdìẹ mi sọnù. O mọ̀ pé búlúù ìfọṣọ ni mo fi ń kun ẹ̀yìn wọn, kí n lè dá wọn mọ̀ láàárín ti bàbá káfíńtà tó ń kun tirẹ̀ ní pupa. Lẹ́yìn tí o lọ, mo wo fọ́tò náà síwá sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ àṣá. Mo ní kámẹ́rà ọmọ mi kì í purọ́, bí àṣá ò bá gbé òròmọdìẹ, á jẹ́ pé èèyàn ló gbé e. Ibi tí mo ti ń rò ó ni Ìyá Aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ti jáde wá pọn omi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Búlúù wà lórí gbogbo ìka rẹ̀.

Ọmọ mi, mo pariwo. Mo pe bàbá káfíńtà, mo pe oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀, mo gbé fọ́tò sókè láàárín àgbàlá, mo ní kí wọ́n wá wo ẹsẹ̀ àṣá, kí wọ́n sì wá wo ìka èèyàn. Ìyá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀kì tí òun fi ń sàmì sí aṣọ ni, pé ṣé pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tó tí a ti ń gbé pọ̀, ojú olè ni mo fi ń wo òun. Mo ní ṣọ́ọ̀kì tó ní ìyẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì dùn mọ́ mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́, èmi tí mo ń sin adìẹ ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n jù.

Láti ìgbà yẹn ló ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn oníbàárà wá gba aṣọ wọn láìrán. Obìnrin tó máa ń kó àjákù aṣọ jọ kí adìẹ mi lè rí nǹkan sàba lé, tó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn nígbà tí àìsàn dá mi wólẹ̀, bó bá rí mi báyìí, ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní ó ti rí yàrá sí ibòmíràn.

Àfi bí fọ́tò kejì ṣe dé. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó dára débi pé ẹ̀rù bà mí, ìyẹ́ rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Òròmọdìẹ mi nìyẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ jọwọlọ, búlúù lẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Èmi ará ilẹ̀ wò ó, mi ò rí nǹkan kan. O tún ní ọ̀gá rẹ ti gbé e kọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́ yín, àwọn àlejò ń yìn ín. Wọ́n ti rí ìtìjú mi nìyẹn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ni òròmọdìẹ yẹn, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí, má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹni tó lè yọ wáyà lójú ọ̀run, sísọ búlúù di pupa ò lè ṣòro fún un. Bá mi sọ ọ́ di pupa, kó dà bíi pé ti bàbá káfíńtà ni, kí n lè

Mo gbé bíírò sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ìṣó, mo yọjú lójú fèrèsé, bàbá káfíńtà tí mo fẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ mi rù ló ń kan àpótí tí Ìyá Aránṣọ máa kó ẹrù rẹ̀ sí. Ojú tì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mú fọ́tò, iwájú ilé ni mo gbà jáde lọ́tẹ̀ yìí. Mo pe gbogbo àwọn tí mo pè lọ́jọ́sí, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo ní àṣá ló gbé e, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọmọlúàbí. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ gba fọ́tò náà, ó wò ó títí, ó ní ẹyẹ yìí mà lẹ́wà o. Ó wá ní bí ọmọ wa bá dé, kí n sọ fún un kó ya òun náà, kó sì tún tòun ṣe bíi ti àṣá, nítorí pé èyí tó ṣókùnkùn ni gbogbo àdúgbò ṣì ń wò. Ó wọlé. Àpótí ṣì wà níta.

Nítorí náà, má fọwọ́ kan búlúù yẹn, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ, òun ni màá gbé e fún kó rán an, lójú gbogbo èèyàn. Má gba báǹkì o, awakọ̀ ni kí o fún. Ní báǹkì, wọ́n ní kí n fi ìka tẹ ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́, èmi tí mo sì ti fi ìka dá ẹlòmíràn lẹ́bi, mi ò fẹ́ kí wọ́n wo tèmi.

Ọlọ́run á bùkún ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ, ohun tó bá ṣókùnkùn fún ẹlòmíràn á máa hàn sí ọ. Tètè wálé pẹ̀lú kámẹ́rà kí àpótí yẹn tó kún. Jọ̀ọ́, dá wáyà iná padà kí o tó gbéra, kí iná lè wà lọ́jọ́ tí o bá máa ya Ìyá Aránṣọ. Mi ò fẹ́ kó ṣókùnkùn mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.